Ẹkùn Yìnyín: Ṣé Wọ́n Ti Pọ̀ Sí I Ni, Àbí Àwa La Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Rí Wọn Kà?

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2024, ìjọba ilẹ̀ Íńdíà kéde pé àwọn ti ka ẹkùn yìnyín tó wà lórí àwọn òkè ilẹ̀ náà, iye rẹ̀ sì jẹ́ 718. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí ilẹ̀ Bùtánì kéde tirẹ̀, 134. Ilẹ̀ Mòǹgólíà ti ṣáájú wọn sọ ní 2021 pé tòun tó 953. Bí ìròyìn wọ̀nyí ṣe ń tẹ̀ léra wọn ni àwọn ènìyàn ń rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2017, nígbà tí àjọ IUCN, tó ń ṣàkọsílẹ̀ ewu tó dojú kọ ẹranko àti ewéko káàkiri ayé, yọ ẹkùn yìnyín kúrò ní ipele tó ti wà fún ohun tó lé ní 30 ọdún, tó sì gbé e sí ipele tí ewu rẹ̀ fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kà lè sọ pé ẹranko náà ti bọ́, kí á kúkú lọ gbájú mọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹranko pọ̀ sí i, ọ̀tọ̀ ni kí ojú ẹni tó ń kà á ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Láti mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì, a ní láti kọ́kọ́ mọ ẹranko náà, bó ṣe ń gbé, bí wọ́n ṣe ń kà á, àti ohun tó ń pa á.

Ẹranko wo là ń pè ní ẹkùn yìnyín?

Ẹkùn yìnyín jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ológbò ńlá inú igbó, ìdílé kan náà tí kìnnìún, ẹkùn àti tàígà wà. Yìnyín inú orúkọ rẹ̀ ni òjò dídì funfun tó máa ń bo àwọn òkè gíga Éṣíà mọ́lẹ̀ nígbà òtútù. Orúkọ náà lè ṣini lọ́nà díẹ̀, nítorí ó lè mú kí á rò pé ẹkùn lásán tó ṣí lọ sí ibi tó tutù ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé tàígà, ológbò abilà Éṣíà, ló bá tan jù lọ. Kò sì lè bú ramúramù bí kìnnìún. Bó bá pàdé ojúlùmọ̀ rẹ̀, èémí ló máa ń fọn jáde ní imú. Bó bá sì tó àkókò tí akọ àti abo ń wá ara wọn, ó máa ń ké igbe gígùn kan tó ń dún láti àfonífojì dé àfonífojì.

Orílẹ̀-èdè 12 péré ló kù tí a ti lè rí i nínú igbó: Afuganísítánì, Bùtánì, Ṣáínà, Íńdíà, Kàsàkísítánì, Kìgísítánì, Mòǹgólíà, Nẹ̀pálì, Pàkìsítánì, Rọ́ṣíà, Tàjìkísítánì àti Ùsìbẹ̀kísítánì. Ṣáínà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀ wà. Ní àwọn òkè Himalaya, ó sábà máa ń wà ní gíga tó tó 3,000 sí 4,500 mítà sókè òkun, níbi tí igi ti tán, tó ku àpáta, òkúta wẹ́wẹ́ àti koríko fíófíó. Ní ìhà àríwá, bíi Mòǹgólíà àti Rọ́ṣíà, ó máa ń gbé ibi tó rẹlẹ̀ gan-an ju ìyẹn lọ.

Ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń sọ ibi tó ń gbé fúnni. Irun ikùn rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, irun sì bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ó rì sínú yìnyín rírọ̀ tàbí kí àpáta tútù gé e lẹ́sẹ̀. Inú imú rẹ̀ gbòòrò, afẹ́fẹ́ dídì á ti gba ibẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́ kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Ìrù rẹ̀ tún wá jẹ́ ohun àrà: ó máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 80 sí 105, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ara rẹ̀, ó sì nípọn bí aṣọ òtútù tí wọ́n ká. Bó bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìrù yìí ló fi ń mú ara rẹ̀ dọ́gba. Bó bá dé orí àpáta tí yóò sùn sí, á ká jọ, á sì gbé ìrù náà bo ojú àti imú, a ó wá rí òkìtì eérú kan tó ní àmì dúdú yíká, tí èémí rẹ̀ kò tilẹ̀ hàn. Ẹni tó dúró sí ibi tí kò jìnnà sí i lè wo ibẹ̀ títí kó má mọ̀ pé ẹ̀dá alààyè ló wà lójú òun. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i nígbà tí a bá dé orí kíkà.

Bó ti nípọn tó yìí náà, kò wúwo. Èyí tó dàgbà máa ń wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 22 sí 55. Irun ló pọ̀ lára rẹ̀.

Kí ló dé tí ẹyọ kan ṣoṣo fi nílò ilẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí oúnjẹ ni. Koríko orí òkè gíga kò pọ̀, nítorí náà àwọn ẹran tó ń jẹ ẹ́ kò lè pọ̀ sí ojú kan. Àwọn ẹran náà ni bharal, àgùntàn igbó aláwọ̀ eérú tó ń gbé òkè Himalaya àti Tibet; ibex, ewúrẹ́ igbó oníwo gígùn tó tẹ̀ sẹ́yìn; àti argali, àgùntàn igbó tó tóbi jù lọ láyé. Ẹkùn yìnyín tún máa ń pa marmot, ẹranko abirun tó ń gbé inú ihò, tó ń sùn ní gbogbo ìgbà òtútù, ó sì ń pa ehoro àti ẹyẹ ńláńlá. Àmọ́ àwọn àgùntàn àti ewúrẹ́ igbó wọ̀nyẹn ló gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró. Ibi tí wọ́n bá ti tán, kò sí ohun tí yóò dá a dúró.

Àwọn àgbà ní yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́, ohun tí yóò jẹ ló ń wá. Ẹkùn yìnyín gan-an lọ̀rọ̀ náà bá mu. Kì í lé ẹran lọ lójú pápá. Láti òkè ló ti ń wá, ní àfẹ̀mọ́jú tàbí ní ìrọ̀lẹ́, á máa fi ikùn wọ́ ilẹ̀ láti ẹ̀yìn àpáta kan dé òmíràn, títí ibi tó kù kò fi ní ju ìfò mélòó kan lọ. Ẹran tó lè pa lè wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Bó bá pa á tán, á dúró tì í fún ọjọ́ mélòó kan, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, á sì máa ṣọ́ ọ kí àwọn igún má baà gbà á.

Ní 1982, Rodney Jackson, onímọ̀ nípa ẹranko ará Amẹ́ríkà, ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi ìdè ọrùn tó ní rédíò sí ẹkùn yìnyín lọ́rùn ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Nẹ̀pálì. Ẹsẹ̀ ni òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi ń tẹ̀ lé ìró rédíò náà ní ilẹ̀ tó kún fún ọ̀gbun. Wọ́n rí i pé ẹkùn kọ̀ọ̀kan ń lo nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 12 sí 39. Àmọ́ bí ẹranko náà bá ti rékọjá òkè, ìró rédíò á pòórá, ohun tó sì ṣe lẹ́yìn òkè kò hàn sí ẹnikẹ́ni.

Láti 2008, ní àwọn òkè Tost ní gúúsù ilẹ̀ Mòǹgólíà, wọ́n ń lo ìdè ọrùn tó ń gba inú sátẹ́láìtì fi ibi tí ẹranko wà ránṣẹ́, ì báà ti lọ sẹ́yìn òkè mẹ́wàá. Nígbà yẹn ni wọ́n rí i pé akọ kan ń lo nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 207, abo kan sì ń lo 124. Wọ́n tún rí i pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń pa ẹran ńlá kan ní bíi ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ. Àwọn onímọ̀ náà wá gbé ìwọ̀n yìí sórí àwòrán ilẹ̀ àwọn igbó àìrò, ìyẹn àwọn ilẹ̀ tí ìjọba ń dáàbò bò, tó wà ní gbogbo ibi tí ẹkùn yìnyín ń gbé, wọ́n sì rí i pé nǹkan bíi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn igbó wọ̀nyẹn kò tóbi tó ilẹ̀ tí akọ ẹyọ kan ṣoṣo nílò. Mo rò pé kò sí ohun tó yẹ kí ènìyàn mọ̀ nípa ẹranko yìí tó ṣe pàtàkì tó èyí, nítorí ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹkùn yìnyín kò lè gbé inú ọgbà ìjọba nìkan. Kò sí bí kò ṣe ní jáde sí ilẹ̀ tí àwọn darandaran ti ń da ẹran.

Báwo ni wọ́n ṣe ń bí sí i?

Díẹ̀díẹ̀ ni. Wọ́n máa ń gùn láàárín oṣù Ṣẹẹrẹ sí oṣù Ẹrẹ́nà, oyún á wà nínú fún nǹkan bíi oṣù mẹ́ta, abo á sì bí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta sínú ihò àpáta nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Òun nìkan ló ń tọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà máa ń bá a rìn fún ọdún kan àbọ̀ sí bíi ọdún méjì kí wọ́n tó lè dá ọdẹ ṣe, nítorí náà abo kan kò lè bímọ lọ́dọọdún. Bí ìyá bá kú sínú tàkúté nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì kéré, kì í ṣe òun nìkan ló kú.

Kí ló dé tí kíkà á fi ṣòro tó bẹ́ẹ̀?

Kò sẹ́ni tó lè dúró sórí òkè kan kó máa ka ẹkùn yìnyín bí ẹni ń ka àgùntàn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á de kámẹ́rà mọ́ àpáta ní ojú ọ̀nà tó ń gbà kọjá, kámẹ́rà á sì máa ya àwòrán fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí ohun kan bá kọjá níwájú rẹ̀. Ẹranko náà fúnra rẹ̀ ló ń fi ibi tó yẹ kí wọ́n dè é sí hàn: ó máa ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ha ilẹ̀, ó máa ń tọ̀ sára àpáta tó yọrí síta, á sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu ojú ibẹ̀, kí ẹlòmíràn lè mọ̀ pé ilẹ̀ náà lólúwa. Àmì ara ẹkùn yìnyín kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, bí ìlà ìka ọwọ́ ènìyàn kan kò ṣe bá ti ẹnìkejì mu. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ á jókòó ti àwòrán, wọ́n á máa fi àmì wé àmì, kí wọ́n lè sọ pé tàná kọ́ ni tòní.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Irun rẹ̀ gùn, ó sì ń mì. Bó bá yí ara díẹ̀, àmì tó rí róbótó lánàá á fẹ̀ lónìí. Àwòrán òru á ṣú. Ní 2020, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde níbi tí wọ́n ti fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní àwòrán àwọn ẹkùn yìnyín inú ọgbà ẹranko, tí wọ́n ti mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀, pé kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú nǹkan bíi àwòrán mẹ́jọ, wọ́n ń ṣi ọ̀kan mọ̀. Àṣìṣe tó sì wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n pe ẹyọ kan ní méjì. Nígbà tí wọ́n fi ohun tí wọ́n rí ṣírò iye, ó lé ní bíi ìdá kan nínú mẹ́ta sí iye tó wà lóòótọ́. Iṣẹ́ àwọn tó mọwọ́ rẹ̀ ni èyí o, kì í ṣe ti ọ̀gbẹ̀rì.

Wàhálà kejì jù ú lọ. Ilẹ̀ tí ẹkùn yìnyín ń gbé tóbi ju ohun tí owó àti ẹsẹ̀ ènìyàn lè kárí lọ. Títí di ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ibi tí wọ́n ti ka ẹranko yìí dáadáa kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ìdá méjì náà sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹkùn yìnyín pọ̀ sí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ iye ènìyàn tó wà nínú ìlú ńlá, tó wá lọ ka àwọn tó wà lọ́jà lọ́jọ́ ọjà, tó sì ní bí wọ́n ṣe pọ̀ tó níbẹ̀ ni wọ́n ṣe pọ̀ tó ní gbogbo àdúgbò, a mọ irú iye tí yóò bá wá sílé.

Kí wá ni 718 ti Íńdíà ń sọ?

Ó ń sọ ohun kan tó dára gan-an, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ nínú rẹ̀. Láti 2019 sí 2023 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n de kámẹ́rà sí ibi 1,971, ẹkùn yìnyín tí kámẹ́rà rí, tí wọ́n sì yà sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 241. Iye 718 jáde nínú ìṣirò: wọ́n wo bí àwọn tí wọ́n rí ṣe pọ̀ tó níbi tí kámẹ́rà wà, wọ́n wo irú ilẹ̀ tó wà níbi tí kò sí kámẹ́rà, wọ́n sì fi ti àkọ́kọ́ díwọ̀n ti ìkejì. Ladakh, agbègbè òkè gíga kan ní àríwá ilẹ̀ Íńdíà, nìkan ló ní 477 nínú rẹ̀. Ọ̀nà tó bójú mu ni, òun sì ni ọ̀nà tó dára jù tó wà. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ Íńdíà yóò ka tirẹ̀ jákèjádò nìyẹn. Ohun tí a kà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò lè sọ fúnni bóyá ó ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dín kù, bí ẹni tó gun orí ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan kò ṣe lè fi ìyẹn mọ̀ bóyá òun ń sanra.

Ti Bùtánì yàtọ̀, nítorí ilẹ̀ náà ti kà tẹ́lẹ̀ ní 2016, tó sì rí 96. Láti 96 sí 134, ìlọsókè gidi wà nínú iye náà, inú mi sì dùn sí i. Síbẹ̀, nínú ìkà kejì yìí, wọ́n rí ẹkùn yìnyín ní àwọn ibi tí wọn kò ti rí i rí ní ilẹ̀ náà. Nítorí náà, apá kan nínú ìlọsókè yẹn lè jẹ́ ọmọ tuntun, apá kan sì lè jẹ́ àgbà tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ tí ojú ẹnikẹ́ni kò kàn. Ìkà ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni yóò là wọ́n.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 2017 gan-an?

Àkọsílẹ̀ Pupa ni orúkọ ìwé tí IUCN ń kọ ewu àwọn ẹ̀dá sí. Ipele mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ fún ẹ̀dá tí ìparun ń lé bọ̀. Èyí tó le jù ni ti ẹ̀dá tó ti dé bèbè ikú. Èkejì ni ti ẹ̀dá tó wà nínú ewu ńlá, níbi tí ẹkùn yìnyín wà títí di 2017. Ẹ̀kẹta ni ti ẹ̀dá tí ewu lè tètè bá, níbi tó wà báyìí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìparun dojú kọ. Aláìsàn tí wọ́n gbé kúrò ní yàrá kan sí èkejì nínú ilé ìwòsàn kan náà kò tíì gba ìwé àṣẹ àtilọ sílé.

Kí á tó lè fi ẹranko sí ipele kejì nípa iye rẹ̀, àwọn àgbà tó ti tó bímọ nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ pé 2,500, iye wọn sì gbọ́dọ̀ máa já wálẹ̀ kíákíá. Nígbà tí ìṣirò tuntun dé, ohun tó fi hàn ni pé àwọn àgbà tó ti tó bímọ wà láàárín 2,710 sí 3,386. Ó ju 2,500 lọ, nítorí náà òfin ìwé náà kò gbà kó dúró síbẹ̀ mọ́. Àwọn tó ṣe ìṣirò náà kò sọ pé ẹran náà ti pọ̀ sí i. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé iye rẹ̀ ṣì ń já wálẹ̀, pé bó ṣe ń yára já tẹ́lẹ̀ ni wọn kò rí ẹ̀rí fún. Ẹrù tí a gbé sórí ìwọ̀n tó péye ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kò fúyẹ́ nítorí ìyẹn; ìwọ̀n ló yí padà.

Àwọn onímọ̀ mìíràn kò fara mọ́ ọn rárá. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí a kò tíì ka dáadáa ju ibi kékeré kan lọ, iye tó ju ààlà lọ ní díẹ̀ báyìí kò tó ohun tí a lè gbé ìpinnu bẹ́ẹ̀ lé. Nígbà tí mo wo bí 2,710 ṣe sún mọ́ 2,500 tó, tí mo sì rántí ìwádìí àwòrán inú ọgbà ẹranko yẹn, ọ̀dọ̀ wọn ni ọkàn mi tẹ̀ sí. Awuyewuye náà so èso rere kan: àwọn orílẹ̀-èdè 12 náà, tí wọ́n ti pàdé ní Bishkek, olú ìlú Kìgísítánì, ní oṣù Ọ̀wàrà 2013 láti jùmọ̀ dáàbò bo ẹranko yìí, fẹnu kò láti máa ka tiwọn ní ọ̀nà kan náà, kí iye ibì kan lè ṣeé fi wé ti ibòmíràn. Inú iṣẹ́ yẹn ni èyí tó pọ̀ nínú àwọn ìròyìn tí à ń gbọ́ lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí ti ń jáde. Àwọn tó ń kà ló pọ̀ sí i.

Ta ló ń pa wọ́n?

Ní 2016, TRAFFIC, ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ òwò ẹranko igbó ní àgbáyé, ṣírò pé láti 2008 ẹkùn yìnyín tí ènìyàn ń pa lọ́dọọdún wà láàárín 221 sí 450. Ó ju ìdajì lọ nínú rẹ̀, nǹkan bíi ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún, tó jẹ́ pé ẹni tó pa á ń gbẹ̀san ẹran ọ̀sìn rẹ̀ ni. Ìdá 21 ni wọ́n pa torí àtità awọ àti egungun. Ìdá 18 kó sínú tàkúté tí wọ́n dẹ fún ẹran mìíràn. Òwò awọ ẹkùn yìnyín láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ti di èèwọ̀ lábẹ́ òfin àgbáyé láti 1975, àmọ́ òfin yẹn kò lè dé ọgbà tí darandaran kan ń kó ẹran rẹ̀ sí ní ọ̀gànjọ́ òru.

Ẹ jẹ́ kí á dé ọgbà náà. Ògiri òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n, kò ga ju àyà ènìyàn lọ, kò sì sí òrùlé lórí rẹ̀. Ewúrẹ́ àti àgùntàn há mọ́ra wọn nínú rẹ̀ nítorí òtútù. Ẹkùn yìnyín kan tí ebi ń pa bẹ́ sórí ògiri, ó fò sáàárín wọn. Bó bá jẹ́ ìta ni, ìyókù ì bá fọ́n ká lójú ẹsẹ̀, á sì pa ẹyọ kan, á jókòó tì í. Nínú ọgbà yìí kò síbi tí wọ́n lè sá sí. Wọ́n ń kọ lu ògiri, wọ́n ń kọ lu ara wọn, wọ́n ń kọ lu òun náà, ohunkóhun tó bá sì ń sáré níwájú rẹ̀ ló ń gé jẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú ẹran lè ju mẹ́wàá lọ, kó sì jẹ́ pé ẹyọ kan péré ló fẹnu kàn. Gbogbo ohun tí ìdílé kan ní lè tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń bá ẹkùn náà nínú ọgbà láàárọ̀, tó ti jẹun yó. Òkúta ni wọ́n fi ń pa á.

N kò lè dá irú darandaran bẹ́ẹ̀ lẹ́bi láti ibi tí mo jókòó sí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ̀ pé ẹkùn yìnyín kì í déédéé yan ẹran ọ̀sìn láàyò. Ní Tost, níbi tí ẹran ọ̀sìn ti pọ̀ ju ẹran igbó lọ ní nǹkan bíi ìlọ́po mẹ́wàá, nígbà tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ lé ìdè ọrùn lọ wo ohun tí wọ́n pa, nǹkan bíi ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ẹran igbó. Ẹran igbó ló ń wá. Ibi tí ọdẹ ti pa ibex àti bharal tán, tàbí tí ẹran ọ̀sìn ti jẹ koríko wọn tán, ni ọgbà ènìyàn ti di ibi oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ koríko yìí sì ń le sí i, nítorí irun múlọ́múlọ́ ewúrẹ́ tí wọ́n ń pè ní cashmere lówó lórí lọ́jà àgbáyé. Ṣáínà àti Mòǹgólíà ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn darandaran sì ń fi ewúrẹ́ kún ewúrẹ́ lórí ilẹ̀ tí kò fẹ̀ sí i.

Ojú ọjọ́ tó ń móoru náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí òtútù ṣe ń dín kù ni igi ń hù gòkè, ilẹ̀ gbayawu tí ẹkùn yìnyín ń fẹ́ ń sún sókè, òkè a sì máa tín-ín-rín bí a bá ṣe ń gùn ún lọ.

Kí ni wọ́n ti ṣe tó ṣiṣẹ́?

Ohun àkọ́kọ́ kò ju wáyà lọ. Ní Ladakh, wọ́n fi wáyà alápẹ̀rẹ̀ bo orí àwọn ọgbà ẹran, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn tó ń sé dáadáa sí wọn. Ẹkùn á yí ọgbà náà ká títí, á rí i pé kò sọ́nà, á bá tirẹ̀ lọ.

Èkejì ni ìdójútòfò. Láti 1999 ní Baltistan, ní àríwá ilẹ̀ Pàkìsítánì, àwọn ará abúlé ń dá owó jọ lórí ẹran kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ní, ètò náà sì ń fi owó tó wá láti òde kún un. Ẹni tí ẹkùn yìnyín bá pa ẹran rẹ̀ á gba owó ẹran náà. Àwọn aládùúgbò fúnra wọn ló ń jókòó yẹ ẹ̀sùn wò, wọ́n sì mọ ara wọn, nítorí náà kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti parọ́ pé ẹran tí àìsàn pa, ẹkùn ló pa á.

Ní Mòǹgólíà, láti 1998, àwọn obìnrin ìdílé darandaran ń fi irun ẹran wọn ṣe bàtà, ohun ìṣeré àti aṣọ orí ilẹ̀, ètò kan sì ń bá wọn tà á ní òkè òkun ní iye tó dára ju ti irun tútù lọ. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ará agbègbè àwọn kò ní pa ẹkùn yìnyín tàbí ẹran tó ń jẹ. Bí ọdún bá parí tí wọ́n mú ìlérí ṣẹ, ẹ̀bùn owó á tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Bí ẹnì kan péré bá ṣẹ̀ sí i, gbogbo agbègbè náà ló pàdánù ẹ̀bùn yẹn, nítorí náà aládùúgbò ló ń ṣọ́ aládùúgbò.

Ní Tost kan náà, níbi tí wọ́n ti fi ìdè ọrùn wọn ilẹ̀ ẹkùn, ilé iṣẹ́ tó ń wa ohun àlùmọ́nì ti gba ìwé àṣẹ lórí apá púpọ̀ nínú àwọn òkè náà. Àwọn darandaran ló kọ́kọ́ pariwo. Wọ́n bá àwọn onímọ̀ pín àwòrán àti iye tí wọ́n ti kó jọ, wọ́n kọ̀wé, wọ́n lọ sí olú ìlú, fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Mòǹgólíà fi sọ ibẹ̀ di igbó àìrò ìjọba ní 2016. Wọn kò lé àwọn darandaran kúrò. Ẹran wọn ṣì ń jẹko ní ìsàlẹ̀ òkè, kámẹ́rà ṣì wà lára àpáta lókè, àwọn abo tí wọ́n bí sí Tost nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sì ti bímọ tiwọn síbẹ̀.